Máńgòrò Tó Ń Lu Páànù

Bí ẹ bá ń wá télọ̀ yìí láàárọ̀, ẹ má wulẹ̀ dé ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. Ẹ̀yìnkùlé ni kí ẹ gbà lọ. Ibẹ̀ lẹ ó ti bá a, tó fi téèpù ìwọnṣọ kọ́rùn, tó mú abẹ fẹ́lẹ́ lọ́wọ́, tó ń bá igi ṣàwàdà. Ṣòkòtò oníṣòkòtò wà nínú ilé, ẹsẹ̀ kan péré ló tíì ní. Ẹni tó ni ẹsẹ̀ méjèèjì á ní sùúrù.

Aṣọ rírán ló fi ń jẹun lóòótọ́, àmọ́ igi lílọ́ ló ń dùn mọ́ ọn nínú. Yóò gé ọ̀mùnú ẹ̀ka lára igi tó ń so dáadáa, yóò bẹ́ ìdí rẹ̀ ṣóńṣó, yóò tì í bọ orí igi kékeré mìíràn tó ti là sí méjì, yóò wá fi ọ̀rá wé e pinpin títí àwọn méjèèjì yóò fi di ọ̀kan. "Aṣọ náà ni," bó ṣe máa ń wí nìyẹn. "Etí aṣọ pàdé etí aṣọ, èèpo pàdé èèpo. Ohun tí igi fi dára ju oníbàárà lọ ni pé kì í padà wá sọ pé aṣọ òun fún jù."

Ẹ̀yìnkùlé náà kò tóbi, ṣùgbọ́n igi inú rẹ̀ pọ̀ débi pé ìyàwó télọ̀ kì í rí ibi sá aṣọ sí. Igi ọsàn kan wà níbẹ̀ tó ń so ọsàn dídùn lápá ọ̀tún, tó ń so ọsàn kíkan lápá òsì. Àna wọn kan wá kí wọn lọ́jọ́ kan, wọ́n ní kó jókòó kí wọ́n já ọsàn fún un, ó ní rárá, òun náà lọ́wọ́. Apá òsì ló lọ. Ojú tí ọkùnrin náà fún pọ̀ lọ́jọ́ náà, ìyàwó télọ̀ ṣì ń sín in jẹ títí di òní olónìí.

Àmọ́ olórí gbogbo wọn ni máńgòrò tí ìyá télọ̀ gbìn nígbà tí télọ̀ ṣì ń rá kòrò. Kò sẹ́ni tó mọ ibi tí ìyá ti rí kóró rẹ̀. Èso rẹ̀ kéré, kò sì lẹ́wà. Bó ti wù kó pọ́n tó, kì í pọ́n lójú, àwọ̀ ewé náà ni yóò máa ní títí. Ìgbà tó bá já bọ́ nìkan lèèyàn ń mọ̀ pé ó ti tó jẹ. Ẹni tó bá wá gé e ṣánjẹ, ó di dandan kó pa ojú dé nítorí adùn. Wọ́n ti gbin kóró rẹ̀ títí, ohun tó ń hù níbẹ̀ kì í jọ ìyá rẹ̀. Òwú ni wọ́n máa ń jẹ nínú rẹ̀, kì í ṣe máńgòrò. Ìyá kò fi ilé kejì sílẹ̀ kó tó kú. Igi yìí ló fi sílẹ̀.

Ìṣòro kan ló wà ńbẹ̀. Ẹ̀ka igi náà na ọwọ́ kọjá ògiri, ó bo ilé bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì nídìí ọkọ̀ akẹ́rù wíwà. Bí máńgòrò bá ti pọ́n, gbì! lórí páànù. Bó bá ku díẹ̀ kí oorun gbé bàbá lọ́sàn-án, gbì! Kíá lẹ ó ti rí orí rẹ̀ lókè ògiri.

"Télọ̀! Ṣé kí n máa dé akoto sùn ni?"

"Ẹ má bínú, Bàbá."

"Èmi ò bínú. Páànù mi ló ń bínú!"

Níwájú rẹ̀, "Bàbá" ni télọ̀ àti ìyàwó rẹ̀ ń pè é. Bó bá ti yísẹ̀ padà, ó di "Bàbá Páànù".

Ìjì ọ̀sán kan ló parí ẹjọ́ náà. Ó la igi yẹn láti orí dé ìdí, apá kan wó sínú ẹ̀yìnkùlé, apá kejì lọ dùbúlẹ̀ sórí páànù tí wọ́n ti ń jà lé lórí láti ọjọ́ yìí wá. Ọpẹ́lọpẹ́ pé bàbá wà níwájú ilé. Kò sí ohun méjì tó kù ju pé kí wọ́n pe agégi. Nígbà tí ẹ̀rọ rẹ̀ ń ké, télọ̀ wo ojú Bàbá Páànù, ó rò pé òun yóò bá ẹ̀rín níbẹ̀. Kò bá ẹ̀rín. Bàbá kàn káwọ́ gbera.

Télọ̀ sáré ṣa ọ̀mùnú lára ẹ̀ka tó wó, ó sì lọ́ wọn sórí gbogbo igi máńgòrò kéékèèké tó gbìn sínú korobá. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n kó ẹ̀ka yòókù lọ dáná, wọ́n hú kùkùté. Inú korobá yẹn nìkan ni irú máńgòrò ìyá rẹ̀ kù sí. Bí kò bá sí ọ̀kan tó gbà nínú wọn, ó parí nìyẹn.

Ẹ̀rù ohun tó lè parí yẹn ló da télọ̀ láàmú. Igi ọsàn tó lọ́, kì í wò ó lẹ́ẹ̀kejì. Píà tó lọ́ fún ará àdúgbò, ó máa ń gbàgbé rẹ̀ ni. Àmọ́ téyìí kan ọkàn rẹ̀, ó sì fi ìwà télọ̀ tọ́jú rẹ̀. Ẹ mọ̀ pé bí télọ̀ bá rán aṣọ tán, yóò di ojú ibi tó rán mú, yóò fà á wò díẹ̀ bóyá ó di. Láràárọ̀ ló ń lọ fa ọ̀mùnú kọ̀ọ̀kan wò.

Ìyàwó rẹ̀ rí i. "Ẹ̀yin, ẹ fi í sílẹ̀ o."

"Ẹ̀sọ̀ ni mo fi ń mú un. Ohun tá a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́."

"Fífà lẹ̀ ń fà á! Ẹ̀sọ̀ wo ló wà nínú ìyẹn?"

Àṣejù, baba àṣetẹ́. Ojú tí igi fẹ́ fi lẹ̀ mọ́ra, télọ̀ ń tú u láràárọ̀. Ọ̀mùnú àkọ́kọ́ dúdú, ìkejì rọ, àwọn yòókù tẹ̀ lé wọn. Lọ́jọ́ tí èyí tó kẹ́yìn gbẹ, télọ̀ jókòó sórí korobá tó dojú dé, ó sì sunkún. Ẹni tó ti dàgbà tó ní ọmọ ọmọ, ó sunkún bí ọmọ tí ìyá rẹ̀ lọ ọjà. Ìyàwó rẹ̀ kò sọ pé ṣebí òun wí. Ó jókòó tì í.

Láti ìgbà náà, ṣòkòtò àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í ní ẹsẹ̀ méjèèjì lásìkò. Àwọn oníbàárà ń dúpẹ́. Ìyàwó rẹ̀ nìkan ló mọ̀ pé ara ọkọ òun kò yá.

Ìgbà tó ṣe, Bàbá Páànù kanlẹ̀kùn. Ṣòkòtò wà ní èjìká rẹ̀, ó ní kí télọ̀ bá òun dín ìbàdí rẹ̀ kù. Àmọ́ korobá kan wà lọ́wọ́ rẹ̀ tó fi ògbólógbòó ṣẹ́ẹ̀tì bò.

"Kí ló wà nínú korobá, Bàbá?"

"Télọ̀, má rẹ́rìn-ín o."

Ó ká ṣẹ́ẹ̀tì kúrò. Igi máńgòrò kékeré ni. Wọ́n ti fi ọ̀rá dúdú àti okùn bàtà wé e wúruwùru, ó sì wọ́ bí orúnkún arúgbó. Ṣùgbọ́n lókè ibi tí wọ́n ti lọ́ ọ, ewé tuntun ti yọ, ó pupa rúsúrúsú, ó ń dán.

Télọ̀ já ewé kan, ó fọ́ ọ lọ́wọ́, ó gbóòórùn rẹ̀. Igi ìyá rẹ̀ ni.

"Ta ló lọ́ ọ?"

"Èmi ni. Ọdún mélòó ni mo ti ń wò ọ́ lórí ògiri? O rò pé ìbínú nìkan ló ń gbé mi gun àpótí lẹ́yìn ògiri? Ọjọ́ tí igi yẹn wó lé páànù mi, mo ṣẹ́ ọ̀mùnú díẹ̀ pa mọ́, mo lọ́ ọ sórí máńgòrò kékeré kan tó hù lẹ́yìn ilé mi."

Ìyàwó télọ̀ kò lè mú un mọ́ra. "Ṣebí ẹ̀yin náà lẹ ní máńgòrò ò jẹ́ kẹ́ ẹ sùn?"

"Ariwo ẹ̀ ni mo bá jà, mi ò bá adùn ẹ̀ jà. Èyí tó ń bọ́ sọ́dọ̀ mi látọjọ́ yìí wá, ta lo rò pó ń jẹ ẹ́?"

Télọ̀ bi í bó ṣe tọ́jú rẹ̀ tó fi yè.

"Mi ò tọ́jú ẹ̀ rárá. Ẹ̀yìn táǹkì omi tó ń jò ni mo gbé e sí, kí ẹnikẹ́ni má rí i. Ojú ń tì mí. Mi ò tiẹ̀ débẹ̀ títí di àná."

Télọ̀ na ọwọ́ sí ojú ibi tí wọ́n ti lọ́ igi náà, kó kàn fà á wò díẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ gbá a lọ́wọ́, pá!

"Ọwọ́ yẹn!"

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rẹ́rìn-ín títí omi fi dà lójú Bàbá Páànù. Télọ̀ dọ̀bálẹ̀ dúpẹ́ lórí ìrépé aṣọ tó kún ilẹ̀.

Korobá náà kò tún padà sẹ́yìn táǹkì. Ẹ̀yìn ẹ̀rọ ìránṣọ ló ń gbé, ìyàwó télọ̀ nìkan ló sì láṣẹ láti bomi rin ín. Nígbà tí igi náà lágbára tó láti wọlẹ̀, télọ̀ mú ṣọ́bìrì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ihò láàárín ẹ̀yìnkùlé gan-an, níbi tó jìnnà sí ilé kejì. Orí kan yọ lókè ògiri.

"Télọ̀! Kí lò ń gbẹ́ síbẹ̀ yẹn?"

"Ihò máńgòrò ni, Bàbá. Mo fẹ́ kó jìnnà sí páànù yín ni."

"Ó ti jìnnà jù. Mú un súnmọ́ ibí."

"Páànù tuntun tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn yẹn ńkọ́?"

Bàbá wo òkè ilé rẹ̀, ó tún wo korobá.

"Máńgòrò yẹn kì í pọ́n lójú," ó ní. "Bí kò bá lu páànù, báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀ pé ó ti tó jẹ?"

Télọ̀ kó yẹ̀pẹ̀ padà sínú ihò àkọ́kọ́, ó sì lọ gbẹ́ òmíràn lẹ́bàá ògiri.