Orúkọ Ọmọ Mi Lórí Àwọn Kóòdù Rẹ̀

Àkànní, àrẹ̀mọ mi, adúmáadán bí ẹni fòróró para, ọkọ ìyá rẹ̀, ọmọ Ẹ̀gbá, afínjú tí í bọ́ bàtà kó tó wọ ṣọ́ọ̀bù télọ̀: òun ló kú. Orúkọ gbogbo ẹni yòókù tó wà nínú ọ̀rọ̀ yìí ló wà lẹ́nu mi, mi ò kàn ní kọ ọ́ síbí ni.

Iṣẹ́ sáìtì orí íńtánẹ́ẹ̀tì ló ń ṣe. Ṣọ́ọ̀bù mi ní Mowe ló máa ń jókòó sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ máṣíìnì ìránṣọ, nítorí pé iná sólà wà níbẹ̀. Kóòdù kékeré yòówù, ìyẹn àṣẹ tí wọ́n ń kọ fún kọ̀ǹpútà, tó bá ràn án lọ́wọ́, á tọ́jú ẹ̀, á fi Yorùbá ṣàlàyé ẹ̀ sábẹ́ fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́. Ó ní kọ̀ǹpútà kì í ka àlàyé yẹn, èèyàn ló wà fún.

Lọ́jọ́ kan, àpótí kan tó yà sójú sáìtì ń yọ síta lórí fóònù. Ó ní òun ti wọn àpótí náà tán kóun tó tún fi àyè kún inú ẹ̀. Mo ní, "Ìwọ ọkùnrin yìí, tí mo bá ránṣọ báyìí, ta ló máa wọ̀ ọ́? Ka àyè mọ́ ìwọ̀n kó o tó gé e."

Ó pariwo, "Màmá! Ẹ̀yin gan-an ni ọ̀gá mi!"

Ó kọ border-box síbẹ̀, àṣẹ tó ní kí kọ̀ǹpútà ka àyè mọ́ ìwọ̀n, àpótí náà sì wọlé wẹ́rẹ́. Ó wá kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀ pé: "Ìyá mi tó jẹ́ télọ̀ ló kọ́ mi: ka àyè mọ́ ìwọ̀n."

Nígbà tó kú, ọ̀rẹ́ ẹ̀ tó ti ń jẹun nílé mi láti kékeré wá láti Ìbàfò. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Màmá wa, ẹ gbé kọ̀ǹpútà ẹ̀ fún mi. Mo fẹ́ kó àwọn kóòdù yẹn sórí íńtánẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú orúkọ ẹ̀, kó má baà parun."

Mo gbé e fún un. Nílé tiwa, òbí kì í tẹ̀lé òkú ọmọ dé ibojì, nítorí náà mo tún ní kó dúró fún mi n'Ìfọ̀ níbi tá a ti fẹ́ sin ín, kó bá mi da yẹ̀pẹ̀.

Nígbà tó ku ọ̀la ká sìnkú, ọmọ mi obìnrin gbé fóònù wá. Àwọn kóòdù náà ló wà níbẹ̀, ọ̀kan ò dín. Fọ́tò ọ̀rẹ́ yẹn ló wà lókè, orúkọ ẹ̀ ló wà lábẹ́, àwọn èèyàn sì ń dúpẹ́: "Ọ̀gá, ẹ ṣeun o." Ọmọ mi ń kà á lọ títí tó fi kan "Ìyá mi tó jẹ́ télọ̀." Ìyá ta ni? Ìyá ọ̀rẹ́ yẹn tó ń ta sìmẹ́ńtì n'Ìbàfò, tó jẹ́ pé èmi ni mo máa ń bá a gán bọ́tìnì!

Mo pe ọ̀rẹ́ náà lórí fóònù. "Ìgbà wo nìyá ẹ di télọ̀?"

"Màmá, ẹ má bínú. Iṣẹ́ sáìtì lèmi náà ń wá, wọ́n fẹ́ rí ohun tí mo ti ṣe."

"Ohun tó o ṣe ni mò ń wò yìí. Dá orúkọ ọmọ mi padà síbẹ̀."

"Tí mo bá yí i báyìí, wọ́n á pè mí lólè."

"Èmi ti pè ọ́ ná. Má dé Ìfọ̀ lọ́la o. O ò ní dúró fún mi mọ́."

A sin ọmọ mi lọ́jọ́ Ẹtì, ní Ìfọ̀. Àbúrò ẹ̀ obìnrin ló da yẹ̀pẹ̀ tèmi. Èmi wà nílé.