Ọjọ́ Tí Màmá Mi Jó Twist

Òórùn pólíìṣì tí wọ́n fi ń dán ilẹ̀ onípákó ni mo kọ́kọ́ gbọ́ nígbà tí mo ṣílẹ̀kùn, òun àti òórùn kọfí tó ti pẹ́ lórí iná. Gbọ̀ngàn ìgbafẹ́ àwọn àgbàlagbà ni, ní Stockbridge, nílẹ̀ Amẹ́ríkà níbí, kò jìnnà sí estate tí à ń gbé nígbà náà. Màmá mi ni mo wá gbé. Mo ti tètè ṣíwọ́ ní clinic lọ́jọ́ náà, mo sì rò pé màá bá wọn lórí àga níbì kan, kí wọ́n gbé báàgì lé itan, kí wọ́n máa retí mi.

Ìwọ náà mọ bó ṣe máa ń rí fáwọn ìyá wa tí wọ́n bá wá bá wa níbí. Ọdún kejì lẹ́yìn ikú bàbá mi ni Màmá dé láti Ìbàdàn, kí wọ́n lè bá mi mójú tó àwọn ọmọ. Ó rọ̀ mí lọ́rùn, mi ò purọ́. Ṣùgbọ́n tí bọ́ọ̀sì ilé-ìwé bá ti gbé àwọn ọmọ, tí èmi náà wọ mọ́tò lọ sí shift, ilé á pa rọ́rọ́. Ẹni tí kò mọ mọ́tò wà ládùúgbò wa, kò síbi tó lè dé. Nígbà tó yá, oúnjẹ ò lọ lẹ́nu wọn mọ́, aṣọ wọn bẹ̀rẹ̀ sí í tóbi sí wọn lára. Dókítà yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò, ó ní kò sí nǹkan kan. Màmá ní, “Jẹ́ kí n máa lọ sílé.” Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n ní sùúrù. Ìyá àgbà kan tó ń gbé ní òdìkejì títì, ará Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú, opó bíi tiwọn, ló ṣàkíyèsí pé wọ́n máa ń gbé àga jókòó sẹ́nu garage lójoojúmọ́. Òun ló ní kí Màmá máa tẹ̀ lé òun lọ sí gbọ̀ngàn náà lọ́jọ́ Wednesday. Èrò mi ni pé tíì ni wọ́n ń mu níbẹ̀.

Àwọn àgbàlagbà tí mo bá níbẹ̀ ò jókòó. Rẹ́kọ́ọ̀dù àtijọ́ kan ń kọ, gbogbo wọn kọjú sí ẹnì kan láàárín, wọ́n ń wo ẹsẹ̀ rẹ̀, ẹni náà sì ni màmá mi. Màmá ti bọ́ bàtà. Wọ́n fi orí ìka ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ bí ẹni ń tẹ iná sìgá pa, ìbàdí ń lọ sọ́tùn-ún, apá ń lọ sósì, wọ́n ń rọra wálẹ̀ títí wọ́n fi fẹ́rẹ̀ẹ́ lóṣòó, wọ́n tún jó padà sókè láìdi nǹkan kan mú. Ẹni tó ti lé ní àádọ́rin ọdún. Nígbà tí a wà lọ́mọdé, tí a bá ń jó sí orin rédíò, wọ́n máa ń ní ká pa á ni. Ní ṣọ́ọ̀ṣì pàápàá, àtẹ́wọ́ lásán ni tiwọn. Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà títí rẹ́kọ́ọ̀dù náà fi tán.

Nínú mọ́tò, mo bi wọ́n níbi tí wọ́n ti kọ́ ọ.

“Ní training college,” ni wọ́n wí. “Nígbà tí ijó twist ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, èmi ni mò ń kọ́ àwọn ẹgbẹ́ mi. Ibi ijó ni bàbá rẹ ti rí mi.”

“Kí ló dé tẹ́ ẹ fi í sílẹ̀?”

“A ṣègbéyàwó. Ó ní kò yẹ ìyàwó headmaster.”

Kò sí ìbínú lóhùn wọn. Wọ́n ń wo ìta. Mo wakọ̀ kọjá ẹnu ọ̀nà estate wa, n ò mọ̀.

Nígbà tí wọ́n kéde ní gbọ̀ngàn pé àwọn àgbàlagbà náà máa jó lójú ẹbí wọn, àbúrò mi ọkùnrin tó ń gbé ní Grayson, nítòsí wa, fóònù. Díákónì ni. Màmá ń gé ilá lọ́wọ́, mo fi í sí speaker.

“Màmá, ìyá ìjọ ni yín,” ló wí. “Kí làwọn èèyàn máa sọ?”

Wọ́n gbé ọ̀bẹ kalẹ̀. “Mo gbọ́ràn sí bàbá mi lẹ́nu. Mo gbọ́ràn sí bàbá yín lẹ́nu. Ìwọ, èmi ni mo bí ọ.”

Wọ́n tún mú ọ̀bẹ wọn, wọ́n ń gé ilá lọ.

Àbúrò mi wá lọ́jọ́ ijó náà ṣá o, ó dúró lẹ́yìn pátápátá, ó káwọ́ gbera. Nígbà tí Màmá ń jó wálẹ̀, mo rí i tó ta síwájú bí ẹni fẹ́ gbé wọn dìde. Wọ́n dìde fúnra wọn. Lẹ́yìn náà ó bu omi fún wọn, òun ló sì gbé wọn délé. Títí dòní, kò tíì sọ̀rọ̀ ijó yẹn fún mi.

Oúnjẹ padà bẹ̀rẹ̀ sí í lọ lẹ́nu Màmá. Nígbà tí wọ́n máa padà sí Ìbàdàn, ìgbà tó wù wọ́n ni wọ́n lọ. Nọ́ọ̀sì ni mí. Inú ẹ̀jẹ̀ ni mo ti ń wá ohun tó ń ṣe wọ́n kiri. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyẹn ló jẹ́ kí n máa rántí ọ̀rọ̀ náà. Ohun tí mò ń rántí ni pé, láìmọ̀, mo ti gbà pé ọjọ́ tí wọ́n bí mi ni ayé màmá mi bẹ̀rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, Màmá ti wà, òkìkí ijó wọn sì ti kàn, kí ẹnikẹ́ni nínú wa tó dé.