Ọ̀kadà Omi ní Agboyi

Ariwo rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ máa ń rántí. Á ti máa ké bọ̀ láti ọ̀nà ọ̀sà kí èèyàn tó rí i, bí ẹ́ńjìnnì ìlọta tí wọn ò tíì da ata sí. Ọ̀kadà omi là ń pe jet ski ní Agboyi, nítorí bí wọ́n ṣe ń gun ọ̀kadà orí títì ni wọ́n ṣe ń gùn ún. Àwọn ọmọ olówó ló ń gbé e wá ṣeré lọ́jọ́ Sunday. Èmi nígbà yẹn, ọkọ̀ onígi ni mo fi ń gbé èrò láti Kétu wọ Agboyi, mo sì rò pé kò sẹ́ni tó gbọ́n tó mi lórí omi.

Kò sí ìrọ̀lẹ́ tí a kì í jiyàn ọ̀rọ̀ yìí ní èbúté. Àwọn apẹja ní ọ̀kadà omi ń fa àwọ̀n àwọn ya, ìgbì rẹ̀ sì ń da omi sínú ọkọ̀ tó bá rẹrù. Àwọn tó ń wa ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì ní kò sóhun tó ṣe ẹ̀rọ náà, ẹni tó gùn ún ni kò ní làákàyè. Tiwọn ni mo ń gbè lẹ́yìn. Ọkùnrin kan wà láàárín àwọn ọmọ olówó yẹn tó jẹ́ pé bó bá ti rí ọkọ̀ tó kún, á paná ẹ́ńjìnnì, á nawọ́ sókè, á ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o!" Á wá dúró títí a ó fi kọjá. Ṣùgbọ́n ọkọ àbúrò mi, tó jẹ́ apẹja, kì í gbà.

"Lọ́yà àwọn olówó, ẹ ti tún dé!" ni yóò wí fún mi. "Ẹni tó ń rọra, ẹni tó ń sáré, ọ̀kan náà ni gbogbo wọn."

Gbogbo èbúté á bú sẹ́rìn-ín. Lọ́yà tí kò ní wíìgì, èmi náà á rẹ́rìn-ín.

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ olówó yẹn ló pa àbúrò mi. Ó ń ti Mile 12 bọ̀ pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ tòmátò, ọkọ̀ tó wọ̀ kún dé etí. Ọmọkùnrin kan ń fi ọ̀kadà omi pòòyì yí wọn ká, ó ń rẹ́rìn-ín, ìgbì bá da ọkọ̀ náà dé. Àwọn yòókù lúwẹ̀ẹ́ jáde. Ọjọ́ kejì la rí àbúrò mi nínú ojúoró. Èmi ké bí ọmọdé. Ọkọ rẹ̀ ò sunkún rárá, àdá ló ń pọ́n.

Nígbà tí Sunday tún pé, gbogbo ọkùnrin wa ti wà létí omi pẹ̀lú àjẹ̀ àti òkúta. Àwọn ọmọ olówó dé lóòótọ́. Àwọn tó ṣíwájú rí wa, wọ́n fi kún eré, òkò wa ò bá ẹnì kankan. Ẹni tó kẹ́yìn rí ọkọ̀ àwọn obìnrin tó ń sọdá. Ó paná ẹ́ńjìnnì, ó nawọ́ sókè.

"Kì í ṣe òun!" Mo pariwo títí ọ̀nà ọ̀fun mi fi fẹ́ ya. "Ẹ gbọ́ o, kì í ṣe òun!"

Ta ni yóò gbọ́? Wọ́n wọ́ ọ wá sínú ẹrẹ̀. Àjẹ̀ kán mọ́ ọn lẹ́yìn. Wọ́n ń fi òkúta fọ́ ọ lórí. Ọkọ àbúrò mi fi àdá ṣá a, ọkùnrin náà fọwọ́ gbà á, ìka rẹ̀ fò dànù.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin bọ̀dá mi, kí ni mo ṣe?"

Mo ṣubú lé e lórí. Ẹnì kan gbá mi lẹ́nu, eyín mi jáde pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀. Mo gbójú sókè, àdá tún ti wà lókè.

"Ẹ kúrò níbẹ̀, àna mi! Ìyàwó mi ló kú!"

"Àbúrò mi náà ni! Gé mi mọ́ ọn."

Ó ju àdá sínú omi, ó jókòó sínú ẹrẹ̀, ó bú sẹ́kún. Mo gbé ọkùnrin náà sínú ọkọ̀ mi, mo wà á lọ sí Kétu, ẹ̀rọ rẹ̀ tí wọ́n dáná sun ń jó lẹ́yìn wa. Kò kú. Ojú rẹ̀ kan ò ríran mọ́.

Orí yéye ní Mògún, tàìṣẹ̀ ló pọ̀. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ òwe náà, mo rò pé àwọn àgbà kàn fi ń dá ara wọn lára yá ni. Àwọn tó sáré sá lọ. Ẹni tó dúró dè wá ni ọwọ́ wa tẹ̀.

Wọ́n ṣì ń wá títí dòní. Ó jọ pé ìròyìn wa ti tàn láàárín wọn, nítorí bí wọ́n bá ti kan èbúté wa báyìí, bí ọkọ̀ kún bí kò kún, ńṣe ni wọ́n ń fi kún eré. Màá di etí ọkọ̀ mi mú, màá ní kí àwọn èrò jókòó pẹ̀sẹ̀, a ó máa retí ìgbì. Láti ọjọ́ yẹn, kò sí ẹni tó paná ẹ́ńjìnnì fún wa mọ́.