Omi Wàláà Nínú Ìgò Kẹ̀kẹ́

Níbi eré kẹ̀kẹ́ ológeere, èmi kì í fọkàn tán ẹnikẹ́ni. Iṣẹ́ tí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin fi ń jẹun ni. Ilé iṣẹ́ kan ló ń sanwó oṣù fún un kó máa wọ ẹ̀wù wọn sáré. Ẹnu rẹ̀ ni mo ti gbọ́ nípa àwọn tó ń di ẹ̀yìn ọkọ̀ akẹ́rù mú tí wọ́n bá ń gun òkè, àti àwọn tó ń gbé oògùn mì kí wọ́n tó gbéra. Wọ́n ní ìfura loògùn àgbà. Èmi ò tiẹ̀ dúró dàgbà kí n tó máa lò ó.

Ní ìparí àwọn ọdún 1980, wọ́n ṣètò eré kan láti Ìlọrin wá sí Ọ̀fà. Ilé iṣẹ́ ẹ̀gbọ́n mi ti kìlọ̀ fún un pé tí kò bá gbégbá orókè lọ́tẹ̀ yìí, kó wá iṣẹ́ mìíràn ṣe. Ìyàwó rẹ̀ sì wà nínú oyún. Kí wọ́n tó gbéra, rẹfirí sọ fún gbogbo wọn pé ẹni tó bá mu ohunkóhun tó ń fúnni lágbára láìfi han òun, òun á yọ ọ́.

Ààfáà tó ń kọ́ àwọn ọmọdé ní kéú ni bàbá wa. Ó ti kọ ẹsẹ Kùránì sórí wàláà, pákó tí wọ́n fi ń kọ́ kéú, ó fi omi fọ̀ ọ́, ó sì fi omi náà ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n mi nínú ìgò pé kó máa mu ún lọ́nà kó lè lágbára. Hàǹtú là ń pe irú omi bẹ́ẹ̀. Tàdáwà tó fi kọ ọ́ ti jẹ́ kó dúdú díẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi ló kọ́kọ́ dé. A ṣì ń hó yèè lẹ́bàá ibùdókọ̀ rélùwéè nígbà tí ẹni tó ṣe ìkejì nàka sí ìgò rẹ̀. Rẹfirí ṣí i, ó gbóòórùn rẹ̀, ó dà díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́. Mo sọ sí bàbá wa létí pé rẹfirí àti ẹni yẹn ti lẹ̀dí àpò pọ̀. Ó ní kí n panu mọ́.

Rẹfirí kò le rárá. Ó ní òun mọ hàǹtú, òun náà mu ún nígbà tí òun fẹ́ ṣèdánwò. Ọ̀rọ̀ dídùn yẹn gan-an ló bà mí lẹ́rù, mo rò pé pàkúté ni.

“Ṣé o gbà pé ó ń fúnni lágbára?” ló bi ẹ̀gbọ́n mi. “Tó bá jẹ́ omi lásán ni, sọ bẹ́ẹ̀, kí ọ̀rọ̀ parí.”

Ẹ̀gbọ́n mi wo bàbá wa, tó dúró tòun ti tèsùbáà lọ́wọ́.

“Ó ń fúnni lágbára, sà.”

Wọ́n gba ipò kìíní lọ́wọ́ rẹ̀. Kí oṣù náà tó parí, iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Inú bí mi débi pé mo fura sí ẹ̀gbọ́n mi fúnra rẹ̀, mo ní wọ́n á ti fún un ní nǹkan kó tó sọ bẹ́ẹ̀. Ta ló ń fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ara rẹ̀?

Lọ́jọ́ kan tí gbogbo wa ń jẹun, bàbá wa bi í pé kí ló dé tí kò sọ pé omi lásán ni.

“Ẹ wà níbẹ̀, Bàbá.”

Bàbá wa ti bu òkèlè. Ó dá a padà sínú àwo, ó ní òun ti yó.