Iṣu Méjìlá àti Orin Márùn-ún

Mo rántí ìgbà tí mo kọ́kọ́ mọ̀ pé ohùn mẹ́rin ló wà nínú orin kan ṣoṣo. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú kan ni, ní Ògìdì. Mo ń ṣa ẹ̀wà lẹ́nu ọ̀nà, ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì kan sì ń kọrin nínú rédíò bàbá mi. Mo fi etí tẹ̀lé àwọn obìnrin tí ohùn wọn wà nísàlẹ̀, àwọn tí à ń pè ní áátò, títí tí mo fi gbàgbé ẹ̀wà. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ní ìwé tí mo ń kọ orin sí: iye ẹsẹ rẹ̀, àti ohùn tó kọ́kọ́ wọlé.

Mùsùlùmí ni bàbá mi, ìyá mi ló ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Orin kò bí bàbá nínú, bátìrì ló ń ṣọ́, torí ọ̀rọ̀ àgbẹ̀ tó máa ń tẹ̀lé orin ló ṣe ra rédíò. "Ṣé orin la ó gbìn lọ́dún yìí?" ni yóò wí, á sì pa á títí orin á fi tán.

Lọ́dún kan, sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ ṣèlérí pé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, òun yóò ṣàlàyé bí a ṣe ń gé iṣu kan sí èbù kéékèèké púpọ̀ fún gbígbìn. Ọjọ́ náà bọ́ sí ìgbà tí bàbá ní láti lọ sí Kàbà. Iṣu méjìlá péré ló kù tí a lè gbìn.

"Kọ gbogbo ohun tó bá sọ," ni ó wí fún mi. "Má fi orin jẹ bátìrì mi tán o."

Orin márùn-ún ni mo gbọ́. Nígbà tí ọ̀rọ̀ àgbẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀, ohùn ọkùnrin náà ti ń rẹlẹ̀. Ó ní kí a gé iṣu, kí a fi eérú pa ojú ibi tí ọ̀bẹ kàn, kí a tẹ́ ẹ sí ibòji fún... Ibẹ̀ ni rédíò dákẹ́ sí. Mo yọ bátìrì, mo sá a sóòrùn, ṣùgbọ́n oòrùn ti ń wọ̀. Mo bá kọ "wákàtí kan" sí àyè tó ṣófo.

"Okun o," ni bàbá fi kí mi nígbà tó dé, mo sì ka ohun tí mo kọ fún un títí dé ibi ibòji. "Báwo ló ṣe máa pẹ́ tó ní ibòji?"

"Wákàtí kan, Bàbá."

Ọgọ́fà èbù la gbìn. Òjò rọ̀, mọ́kànlá ló hù. Bàbá hú ọ̀kan nínú àwọn tó kù, ó ti jẹrà. Ẹ̀gbẹ́ ebè yẹn ni mo ti jẹ́wọ́.

"Orin mélòó lo gbọ́?"

"Márùn-ún, Bàbá."

"Iṣu méjìlá fún orin márùn-ún. Ó yẹ kí o lè kọ wọ́n. Kọ ọ̀kan."

Mo kọ èyí tí mo mọ̀, ìyẹn apá áátò.

"Èwo nìyí? Kò jọ orin."

"Apá kan nínú rẹ̀ ni, Bàbá."

"Bí ọ̀rọ̀ àgbẹ̀ tí o kọ fún mi," ni ó wí, ó sì gbé ọkọ́ rẹ̀. Gbàgúdá la jẹ lọ́dún yẹn.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń dán ọjọ́ ibòji wò fúnra mi: ọjọ́ kan, méjì, mẹ́ta. Inú ìwé orin mi ni mo ń kọ ọ́ sí, ní òdìkejì ojú ewé. Ọjọ́ méjì ló dára jù nínú ilẹ̀ tiwa. Lọ́dún yìí mo gé ọgọ́rin èbù. Bàbá, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e dé oko mọ́, ní kí n sọ iye tó hù fún òun kí n tó tan rédíò. Mẹ́rìndínlọ́gọ́rin ni.