Fódà Tí Mo Fi Ọwọ́ Ara Mi Pa Rẹ́

Òórùn gàrí tí wọ́n ń yan lẹ́yìnkùlé ni mo kọ́kọ́ máa ń rántí nípa ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà yẹn ní Ìlobù. Ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni. Ọ̀gá mi àtijọ́, obìnrin tó kọ́ mi níṣẹ́ tíṣà ní Ìfọ́n, jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó gbé báàgì rẹ̀ lé itan. Lọ́jọ́ kejì ni wọ́n máa yẹ ìwé rẹ̀ wò ní Òṣogbo nítorí pé ó fẹ́ fẹ̀yìn tì. Lẹ́tà tí wọ́n fi gbà á síṣẹ́ ni wọ́n ń béèrè, èyí tó ti bá ilé rẹ̀ lọ nígbà tí ìjà nítorí ilẹ̀ lé wọn jáde. Wọ́n ní àwọn máa gba ẹ̀dà rẹ̀ tó bá ṣáà ti hàn dáadáa.

Ọwọ́ mi ni ẹ̀dà wà. Ṣáájú wàhálà yẹn ni mo ti ya àwòrán gbogbo ìwé rẹ̀, tí mo kó wọn sínú fódà mi orí íńtánẹ́ẹ̀tì, irú èyí tó máa ń hàn lórí kọ̀ǹpútà èyíkéyìí téèyàn bá ti fi orúkọ ara rẹ̀ wọlé. Lórí láptọ́ọ̀pù mi tó ti gbó, apá òsì ló máa ń wà, mi ò kì í wá a. Ṣùgbọ́n láptọ́ọ̀pù náà ti kú. Windows tuntun ló wà ní ṣọ́ọ̀bù yìí, gbogbo nǹkan ló sì ti kúrò níbi tí mo mọ̀ ọ́n sí. Mo rí fódà kan tó jọ tèmi, mo ṣí i, àwòrán ìkómọ ló kún inú rẹ̀.

“Tèmi nìyẹn, Àǹtí,” ni obìnrin tó ni ṣọ́ọ̀bù wí. “Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ aago nísàlẹ̀, ẹ tẹ àwòrán ìkùukùu yẹn, kí ẹ fi orúkọ tiyín wọlé.”

Mo ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn fódà mi ń yọ lọ́kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n ti ọ̀gá mi ò sí níbẹ̀. Ìgbà náà ni mo rántí. Nígbà tí láptọ́ọ̀pù mi kún, mo pa fódà mélòó kan rẹ́ kí àyè lè wà. Mo rò pé ti orí láptọ́ọ̀pù nìkan ni mo ń pa, mi ò mọ̀ pé ó máa pa rẹ́ níbi gbogbo.

“Ṣé o ti rí i?” ni ọ̀gá mi béèrè.

“Mo ṣì ń wá a, mà.”

Obìnrin ṣọ́ọ̀bù wo ojú mi, ó bẹ̀rẹ̀ sún mọ́ mi, mo sì rọra sọ sí i létí pé mo ti pa fódà náà rẹ́. “Ìgbà wo lẹ pa á rẹ́?”

“Ó ń lọ sí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.”

“Wọ́n máa ń tọ́jú ohun téèyàn bá jù nù fún bí oṣù kan. Ẹ jẹ́ ká wo orí ìkànnì wọn.”

Nẹ́tíwọ́ọ̀kì kọ̀, ó dé, ó tún kọ̀. Mo ń wo àmì róbótó kékeré tó ń yí lójú kọ̀ǹpútà, mo sì ń wá ọ̀rọ̀ tí mo máa sọ fún obìnrin tó ti fi ọdún márùndínlógójì kọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Nígbà tí ojú ewé ṣí, orúkọ rẹ̀ wà láàárín àwọn pàǹtí mi. Mo dá a padà, a tẹ̀ ẹ́ jáde, tòun ti ilà ibi tí wọ́n ti ká lẹ́tà náà.

Mo kúnlẹ̀, mo sọ òótọ́ fún un. Ó kọ́kọ́ ka lẹ́tà náà tán.

“Tí o ò bá tọ́jú ẹ̀ ńkọ́?” ló wí. “Dìde. Ṣùgbọ́n kọ́ èmi náà bí mo ṣe máa rí i lórí fóònù mi.”

Wọ́n gba lẹ́tà náà ní Òṣogbo lọ́jọ́ kejì. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ tó sọ gbẹ̀yìn yẹn ni kò kúrò lọ́kàn mi. Gbogbo ọdún tí mo fi ń pe ara mi ní ẹni tó ń bá a tọ́jú ìwé, kò wá sí mi lọ́kàn rí láti bi í bóyá òun náà fẹ́ mọ ọ̀nà ibẹ̀.