Àáró Ni Kò Jẹ́ Kí Wọ́n De Bàbá Mi Mọ́lẹ̀

Nígbà tí mo ṣì kéré débi pé mo lè gba abẹ́ àká àgbàdo kọjá láìtẹ orí ba, oko ni à ń gbé, ìrìn wákàtí méjì sí ìlú Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí. Ẹ̀yin ọmọ òde òní á ní ta ló ń fẹsẹ̀ rin wákàtí méjì. Àwa ni. À ń rìn ín, a sì tún ń ru ẹrù lé e. Bàbá mi àti ọkùnrin mẹ́rin mìíràn ni wọ́n jọ ń ṣe àáró. Bí ẹ ò bá mọ àáró, àwọn márùn-ún á para pọ̀ kọ ebè lóko ẹnì kan lónìí, wọ́n á lọ sí oko ẹlòmíràn lọ́jọ́ mìíràn, títí yóò fi yí kan gbogbo wọn. Òfin kan ṣoṣo ló ní: ẹni tí kò bá lọ sóko ẹlòmíràn, kó má retí ẹnikẹ́ni lóko tirẹ̀.

Ọdún tí mo ń sọ yìí ni ìyá mi kú lórí ìkúnlẹ̀, tòun tọmọ. Bàbá mi kò sunkún. Ìbá sàn ká ní ó sunkún. Ó kàn dákẹ́ ni. Kò wẹ̀, kò fá irùngbọ̀n, bí a bá gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, eṣinṣin ló ń jẹ ẹ́. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lọ́sàn-án gangan, á dúró láàárín ọ̀nà, á máa bá ẹni tí a kò rí sọ̀rọ̀, a sì mọ̀ pé ìyá mi ni. Àwọn ẹgbẹ́ mi ò bá mi ṣeré mọ́, wọ́n ní ọmọ wèrè ni mí. Ẹ̀rù bàbá mi ń bà mí, ojú sì ń tì mí pé ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi wá láti ìlú. Èèyàn líle ni, àmọ́ kì í ṣe èèyàn burúkú. Ó ní òun ti bá oníṣègùn kan tó wà ní ọ̀nà jíjìn sọ̀rọ̀, òun yóò mú àbúrò òun lọ síbẹ̀. Gbogbo wa la mọ ibẹ̀ níròyìn. Ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ ni wọ́n fi ń de ẹsẹ̀ aláìsàn mọ́ ìdí igi, wọ́n á sì máa nà án kí ohun tó ń ṣe é lè fi í sílẹ̀. Ẹni tó bá ti ibẹ̀ padà wá kì í jọ ẹni tó lọ mọ́. Mo lọ sábẹ́ àká, mo jókòó síbẹ̀, mo ń ronú pé ìyá ti lọ, bàbá náà ń lọ.

Ọ̀rẹ́ bàbá mi kan wà nínú àwọn aláàáró yẹn. Mùsùlùmí ni, aláwàdà gbáà, àfi tó bá ń kírun ni ẹnu rẹ̀ máa ń sinmi. Òun ló wá dọ̀bálẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n bàbá mi.

“Ẹ̀gbọ́n, ìyípo kan péré ni kí ẹ fún wa. Tí àáró bá yí ká tó kan oko tirẹ̀, tí ẹ ò bá rí àyípadà, ẹ máa mú un lọ.”

“Kí lẹ fẹ́ fi ẹni tórí rẹ̀ dàrú ṣe lóko?”

“Ebè la ń kọ níbẹ̀, ẹ̀gbọ́n.”

Ẹ̀gbọ́n wo ìyá wọn, ìyá àgbà mi nìyẹn, ìyá àgbà sì mi orí pé kó gbà. Bí ìyípo kan náà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kìíní, ọ̀rẹ́ náà dúró lẹ́nu ọ̀nà wa. Ó ní, “Dìde, jàre. Ọjọ́ tèmi ni lónìí. Ebè mi ò ní kọ ara rẹ̀.” Bàbá mi kò mira. Ọkùnrin náà kò bẹ̀ ẹ́, kò sì bú u. Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó mú ẹ̀pà jáde nínú àpò, ó ń jẹ ẹ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn ewúrẹ́ ìyàwó rẹ̀ kan tó ń jalè. Ìròyìn ewúrẹ́ yìí kò tán bọ̀rọ̀. Oòrùn ti ń ta kí bàbá mi tó dìde. Bóyá kí ẹnu yẹn lè dákẹ́ ló ṣe dìde, mi ò mọ̀.

Èmi àti ìyá àgbà la gbé iṣu sísun àti epo lọ fún wọn. Abẹ́ igi irúgbá la ti bá bàbá mi, ó gbé ọkọ́ lé itan, kò ṣe nǹkan kan. Síbẹ̀ gbogbo ẹni tó bá kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ló ń kí i pé, “O kú iṣẹ́.” Mo bi ìyá àgbà léèrè pé iṣẹ́ wo ni bàbá mi ń ṣe tí wọ́n fi ń kí i. Ó ní, “Jíjókòó yẹn, iṣẹ́ ni fún un.”

Lóko ẹnì kejì, ó tún jókòó. Lóko ẹnì kẹta, ó dìde lójijì, ó wọ igbó lọ. Ọ̀kan nínú wọn ju ọkọ́ sílẹ̀, ó tẹ̀ lé e, kò pè é, kò fọwọ́ kàn án, ó kàn ń rìn lẹ́yìn rẹ̀ títí àwọn méjèèjì fi padà wá jẹun. Mo ti ń ka oko tó kù. Ó ku ẹyọ kan kó tó kan tiwa.

Oko kẹrin yẹn ni bàbá mi ti kọ ebè kan. Ẹyọ kan ṣoṣo, láti àárọ̀. Ó wọ́, ó tẹ̀ síbì kan. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ yí i po, ó wò ó tìyanu tìyanu, ó ní, “Ṣé ebè nìyí ni àbí ilé ikán?” Ojú mi lọ sára bàbá mi. Bàbá mi wo ebè náà, ó wo ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó ní, “Tìrẹ ọdún tó kọjá ńkọ́, tí àgbàrá gbé lọ?” Ó sì rẹ́rìn-ín. Mo gbé igbá iṣu kalẹ̀, mo bú sẹ́kún. Ìyá àgbà náà ń sunkún, ó ní èéfín ló wọ òun lójú, bẹ́ẹ̀ iná ti kú tipẹ́.

Ọjọ́ tí ó kan oko wa, ẹ̀gbọ́n dé pẹ̀lú ọkùnrin gìrìpá méjì àti okùn. Ó bá àbúrò rẹ̀ láàárín àwọn yòókù, òógùn ń bọ́ lójú rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n dúró lórí ààlà, ó ká apá aṣọ, ó béèrè ọkọ́. Igi ìdáná ni a fi okùn yẹn dì relé.

Ẹ má rò pé ó tán síbẹ̀. Lọ́dọọdún, tí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, àsìkò tí ìyá mi kú, bàbá mi á tún dákẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti mọ àsìkò náà, wọ́n á tètè wá jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Ó tọ́ mi dàgbà. Òun ló fà mí lọ́wọ́ lọ sílé ìwé.

Mo di tíṣà, mo sì ti fẹ̀yìn tì. Lẹ́nu àìpẹ́ yìí, àkọ́bí mi dé láti Ìbàdàn. Ilé iṣẹ́ rẹ̀ ti kógbá sílé, òun náà sì wọ yàrá, kò jáde mọ́. Lọ́jọ́ kan ó sọ fún mi pé òun ò mọ ohun tí òun ṣì ń jí fún. Ẹ wá gbọ́ ohun tí èmi ṣe, èmi tí mo rí ti bàbá mi: mo ti ilẹ̀kùn. Ẹni tó bá béèrè rẹ̀, mo ní ó wá sinmi ni. Ọmọ tíṣà kì í ṣàìsàn ọpọlọ, àbí? Ìtìjú sọ mí di òpè fún odindi oṣù mẹ́ta.

Nọ́ọ̀sì kan tí mo kọ́ ní kíláàsì kejì ló wá kí mi lórí ọ̀kadà rẹ̀. Mo tún pa irọ́ ìsinmi yẹn. Ó ní, “Tíṣà, ẹ̀yin náà lẹ máa ń nà wá tá a bá purọ́.” Ibẹ̀ ni mo ti sunkún.

Nọ́ọ̀sì náà mú wa lọ bá dókítà, wọ́n fún ọmọ mi lóògùn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rí oorun sùn. Mo dúpẹ́ fún oògùn yẹn o. Ká ní bàbá mi rí irú rẹ̀ ni, ara ì bá tètè tù ú. Ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì ní, “Mà, oògùn kì í báni tàkúrọ̀sọ. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ dà?” Mo ti lé gbogbo wọn tán. Mo wá sọ ìtàn àáró fún un. Ó ní àwọn mẹ́rin mìíràn wà tí òun ń lọ wò kiri ìlú, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni gbogbo wọn wà. Ó ní, “Ilẹ̀ bàbá yín ṣì wà níbẹ̀, mà?”

A pín in sọ́nà márùn-ún fún ọmọ mi àti àwọn mẹ́rin yẹn, kí wọ́n lè máa ṣe àáró níbẹ̀. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, èmi ni mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà ọmọ mi. Mi ò ní ewúrẹ́ tó ń jalè, nítorí náà mo ròyìn ọ̀gá ilé ìwé wa kan tó máa ń sùn níbi ìpàdé. Ó ní, “Mọ́mì, ẹ fi mí sílẹ̀.” Mo ń bá ìròyìn mi lọ. Nígbà tó jáde, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì sódì. Mo ní, “O kú iṣẹ́.”

Láàárọ̀ ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo jí, mi ò bá a lórí bẹ́ẹ̀dì. Mo sá jáde láìwé gèlè, láìwọ bàtà. Ẹnu ọ̀nà aránṣọ kan, ilé kẹta sí tiwa, ni mo ti rí i. Aránṣọ náà wà lára àwọn márùn-ún, kò sì tíì jáde síta láti ọjọ́ méjì. Ọkọ́ méjì wà lọ́wọ́ ọmọ mi. Ó ń wí pé, “Dìde, jàre. Ọjọ́ tèmi ni lónìí. Ebè mi ò ní kọ ara rẹ̀.” Lẹ́yìn náà ó jókòó sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn mi, bí mo ṣe máa ń hanrun bíi kátákátá.

Ayé ti yí, ẹ̀yin ọmọ mi. Kátákátá ló ń kọ ebè báyìí, oògùn ló ń pa koríko, kò sì sẹ́ni tó nílò ọkùnrin márùn-ún lóko rẹ̀ mọ́. Iṣẹ́ ti rọrùn, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n kátákátá kò lè jókòó sẹ́nu ọ̀nà ẹnikẹ́ni.

Mo rọra yí padà kó tó rí mi. Ara mi fúyẹ́. Nígbà tí mo délé, mo dáná, mo sì ki iṣu ẹni márùn-ún bọ̀ ọ́.